Owó Ìdápadà Kì í Ṣe Owó Àánú

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Òwe yìí ni mo fi ṣáájú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Ọ̀rọ̀ ọjà ni. Kì í ṣe ọjà Gbági ní Ìbàdàn, kì í sì í ṣe ti Balógun ní Èkó, bí kò ṣe ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹni tí ń tà wà ní Ṣáínà tàbí Amẹ́ríkà tàbí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹni tí ń rà sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. A san owó bàtà dúdú, wọ́n fi pupa ránṣẹ́. A san owó bátìrì irú kọ̀ǹpútà kan, wọ́n fi ti òmíràn ránṣẹ́. A san owó léèsì yáàdì márùn-ún, mẹ́ta ni ó dé. Kí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe? A ó mí kanlẹ̀, a ó ní, "Ọlọ́run yóò san án fún wọn," a ó sì ju ẹrù náà sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ bùṣe bẹ́ẹ̀. Owó tí a san fún ohun tí a kò rí gbà, owó wa ni síbẹ̀. Bí a bá béèrè fún un, a kò tọrọ àánú lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Gbèsè ni a ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò gba gbèsè kò lè fi ariwo lásán gbà á. Ó gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí owó náà gbà lọ, ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn láti béèrè. Ohun mẹ́ta yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀, òun náà ni ó sì ń sọ wá di odi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwa Yorùbá ṣe ń rajà. Ẹni tí ó fẹ́ ra gàrí yóò bù díẹ̀ sẹ́nu, yóò mọ̀ bóyá ó kan tàbí kò kan. Ẹni tí ó fẹ́ ra epo yóò gbé e sí ìmọ́lẹ̀, yóò tọ́ ọ wò. Aṣọ òkè, a ó nà án síta nínú oòrùn, a ó fọwọ́ pa á. Adìyẹ, a ó gbé e sókè láti mọ bí ó ti wúwo tó. Lẹ́yìn èyí ni ìdúnàádúrà yóò tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá sì délé tí a rí àbùkù lára ọjà, a mọ ìsọ̀ ìyá tí ó tà á fún wa. A ó padà tọ̀ ọ́ lọ ní ọjọ́ ọjà mìíràn, bí ọ̀rọ̀ bá sì le, ìyálọ́jà wà níbẹ̀ tí yóò dá sí i. Ojú, ọwọ́, imú àti ahọ́n ni ẹlẹ́rìí ẹni tí ń rajà.

Ọjà ọ̀nà jíjìn kò fi ọ̀kankan nínú ẹlẹ́rìí wọ̀nyí sílẹ̀ fún wa. Èyí kì í sì í ṣe ohun tuntun pátápátá. Ní ayé ìjọba amúnisìn, àwọn baba wa tí ó mọ̀wé a máa kọ lẹ́tà sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti ra bàtà, fìlà àti ìwé láti inú kátálọ́ọ̀gù tí ọkọ̀ òkun gbé wá. Ohun tí ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù nígbà náà, ìṣẹ́jú méjì ni a fi ń ṣe é lónìí. Ṣùgbọ́n ohun kan náà ni àwọn àti àwa gbójú lé, èyíinì ni àwòrán ọjà àti ọ̀rọ̀ tí òǹtajà kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ó dúró ní ipò ojú àti ọwọ́ wa. Bí ó bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé kò sí ohun kan tí àwa àti òǹtajà fi ẹnu kò lé lórí.

Òfin pàápàá mọ èyí tipẹ́. Òfin ọjà títà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1893, tí ó di ara òfin tiwa náà, sọ ní abala 13 pé bí a bá ta ọjà nípa àpèjúwe, ọjà náà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe mu. Irú òfin kan náà wà nínú ìwé òfin Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ti ọdún 1959. Ní ayé tiwa yìí, òfin ìdíje okòwò àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari bu ọwọ́ lù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, tún là á mọ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abala 122 rẹ̀ sọ pé oníbàárà tí kò ní àǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e wá fún un lè kọ̀ ọ́ láàárín àkókò tí ó bójú mu, kí ó sì gba owó rẹ̀ padà láìdín kọ́bọ̀. Àjọ FCCPC ni a gbé iṣẹ́ yìí lé lọ́wọ́. Àwọn ará wa tí ń gbé ní London ń jẹ irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ìlànà ọdún 2013 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí ó rajà láti ọ̀nà jíjìn ní ọjọ́ 14 láti yí ọkàn padà, bí ọjà náà kò tilẹ̀ ní àbùkù. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà wọn ti ọdún 2015 sì fún un ní ọjọ́ 30 láti kọ ọjà tí kò bá àpèjúwe mu.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Òfin Nàìjíríà kò ní ọlọ́pàá ní Guangzhou. Lóòótọ́, ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC bu owó ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là lé Meta, ilé iṣẹ́ tí ó ni Facebook àti WhatsApp, ilé ẹjọ́ àkànṣe tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sì fi ọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Èyí fi hàn pé apá òfin wa lè gùn bí ẹni tí a ń bá wí bá tóbi tí a sì mọ ilé rẹ̀. Ta ni yóò wá lé oníṣòwò kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ àdàlù lẹ́tà àti nọ́ńbà, nítorí bàtà ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà? Kò sí ẹnì kan. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí a má ṣe máa lé òǹtajà kiri. Ọ̀nà tí owó gbà lọ ni kí a tọ̀.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà kan kò gbé owó jáde. Mẹ́rin ni mo fẹ́ mẹ́nu bà.

Ọ̀nà kìíní ni ti àwọn ilé ìtajà ńlá tí ó dúró láàárín olùrà àti òǹtajà. Àìfọkàntánni ni ó bí ọgbọ́n yìí. Ní Ṣáínà, òun ni ó mú kí a dá Alipay sílẹ̀ ní ọdún 2004, kí owó olùrà lè wà lọ́wọ́ ẹni àárín títí olùrà yóò fi sọ pé ọjà ti tẹ òun lọ́wọ́. AliExpress, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2010, ń tọ ipa yìí, ó sì fún olùrà ní ọjọ́ 15 lẹ́yìn tí ọjà bá dé láti fẹjọ́ sùn. eBay fúnni ní ọjọ́ 30. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí a bá tẹ ibi tí wọ́n kọ sí pé ọjà ti dé ọwọ́ wa, ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ nìyẹn, yálà a ti tú ẹrù wò tàbí a kò tíì tú u. Ẹni tí ó gba ẹrù ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdánwò tí ó ní òun yóò tú u lẹ́yìn ìdánwò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni PayPal, tí ó ṣílẹ̀kùn fún àwa ará Nàìjíríà láti máa fi sanwó ní ọdún 2014. Ọjọ́ 180 ni ó fún olùrà láti ọjọ́ tí ó sanwó. Ṣùgbọ́n ìpele méjì ni ẹjọ́ ibẹ̀. Ní ìpele kìíní, olùrà àti òǹtajà ni ó ń bá ara wọn sọ ọ́. Bí wọn kò bá gbọ́ ara wọn yé, olùrà ní ọjọ́ 20 láti gbé e dé iwájú PayPal fúnra rẹ̀. Bí 20 yẹn bá kọjá tí kò ṣe é, ẹjọ́ náà yóò pa ara rẹ̀ dé, kò sì ṣeé tún ṣí.

Ọ̀nà kẹta ni káàdì báńkì. Ọ̀nà yìí ni ó lágbára jù, òun sì ni àwọn ènìyàn wa kò mọ̀ rárá. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń pè é ní chargeback. Èmi yóò pè é ní ìgbowópadà. Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyí. Báńkì tí ó fún wa ní káàdì yóò gba ọ̀dọ̀ Visa tàbí Mastercard béèrè owó náà lọ́wọ́ báńkì òǹtajà. Òǹtajà yóò wá sọ tẹnu rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí. Bí kò bá ní ẹ̀rí, owó yóò padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọjọ́ 120 ni a ní láti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn yóò béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a ti kọ́kọ́ kọ̀wé sí òǹtajà, àti bóyá a ti gbìyànjú láti dá ọjà padà. Nítorí náà, àní bí a bá mọ̀ pé kò ní dáhùn, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Ọjà yìí kì í ṣe èyí tí mo rà. Mo ṣetán láti dá a padà. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́." Ìlà mẹ́ta yìí níye lórí ju èébú ojú ìwé mẹ́ta lọ. Bí báńkì wa bá gbà lẹ́tà tí kò sì fèsì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ̀ka kan wà ní Báńkì Àpapọ̀ tí ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà.

Ìṣòro kan wà nínú ọ̀nà kẹta yìí tí ó kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Ní ọdún 2022, nígbà tí dọ́là wọ́n, ọ̀pọ̀ báńkì dá lílo káàdì náírà ní òkè òkun dúró. Ọdún 2025 ni àwọn kan tún ṣí i padà. Láàárín àkókò yẹn, káàdì ọ̀rẹ́ àti ti ẹ̀gbọ́n ni a ń yá lò, tàbí káàdì dọ́là orí fóònù tí kò ní ike. Ẹni tí ó ni káàdì nìkan ni ó lè béèrè ìgbowópadà. Bí ìjà bá wà láàárín àwa àti ọ̀rẹ́ tí a yá káàdì rẹ̀, owó náà ti lọ. Bí ó bá sì jẹ́ káàdì orí fóònù ni, tí a ti pa á rẹ́ kí owó tó padà, ojú káàdì tí kò sí mọ́ ni owó náà ń wá lọ. Kí a má ṣe pa káàdì tí a fi rajà rẹ́ títí ọjà yóò fi dé tí ọkàn wa yóò sì balẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin ni kí a fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òǹtajà tààrà, tàbí kí a san án ní owó kírípítò. Ọ̀nà yìí kò ní ẹ̀yìn. Kò sí ẹni àárín, kò sí báńkì tí yóò bá wa béèrè. Òǹtajà tí ó bá ń sọ pé kí a má ṣe san án lórí ìkànnì tí a ti bá a pàdé, pé òun yóò dín owó kù bí a bá san án sọ́wọ́ òun, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé ó ń fà wá kúrò lábẹ́ òrùlé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn kì í rà á fúnra wọn, pé ẹnì kan ní Èkó tàbí Ìbàdàn ni ó ń bá àwọn kó o wọlé láti Ṣáínà. Ó dára. Ẹni náà tí ó gba owó wa ni òǹtajà wa. Nàìjíríà ni ó wà, òfin ọdún 2018 yẹn sì mú un ṣinṣin. Gbólóhùn tí wọ́n máa ń kọ sára ògiri àti sára ìwé ẹ̀rí owó, pé ọjà tí a bá ti rà kò ṣeé dá padà, kò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin ti fún wa. Òun ni yóò bá àwọn ará Ṣáínà fa tiwọn.

Mo ti sọ̀rọ̀ ọ̀nà. Ó ku ẹ̀rí. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú ẹ̀ka wa ra fláàṣì tí wọ́n kọ 2TB sí lára, kí ó lè kó fídíò àti ohùn àwọn àgbà tí ó gbà sílẹ̀ ní abúlé sí i fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀: ẹkún ìyàwó àti oríkì orílẹ̀. Nígbà tí ó fi sí ara kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà náà kà á sí 2TB, nítorí pé ńṣe ni a dọ́gbọ́n sí irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa parọ́ fún kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n 32GB ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ẹrù kọjá bẹ́ẹ̀, ti tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í pa ti àtijọ́ rẹ́, fídíò sì ń kọ̀, kò ṣí. Ọ̀rẹ́ mi kò pariwo. Ó lo ètò ọ̀fẹ́ kan tí ń jẹ́ H2testw, èyí tí ń kún fláàṣì dé ẹnu tí yóò sì kà á padà láti mọ ibi tí irọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ya àwòrán èsì rẹ̀. Ó ya àwòrán ojú ewé tí òǹtajà ti kọ 2TB. Ó fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ilé ìtajà náà ní ọjọ́ kẹsàn-án tí ọjà dé. Owó rẹ̀ padà. Àwọn ohùn tí ó sọnù ni kò padà. Ó ní láti tún wọ ọkọ̀ lọ sí abúlé. Bí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ bíi tiwa bá ra irú fláàṣì bẹ́ẹ̀, kí ó dán an wò kí ó tó gbé ohùn àgbà kankan lé e lọ́wọ́.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó ràn án lọ́wọ́. Òǹtajà lè yí ọ̀rọ̀ tí ó kọ padà lẹ́yìn tí ìjà bá dé. Nítorí náà ọjọ́ tí a rajà ni kí a ti ya àwòrán ojú ewé náà pa mọ́. Nígbà tí ẹrù bá dé, kí a ta fídíò láti ìgbà tí a ti fẹ́ já a, kí orúkọ àti nọ́ńbà tí ó wà lára ìwé àlẹ̀mọ́ rẹ̀ hàn. Bí ó bá jẹ́ aṣọ tàbí bàtà, kí a fi rúlà tàbí téèpù wọ̀n ọ́, kí a sì ya á pẹ̀lú téèpù náà lára rẹ̀. Kí a má wọ̀ ọ́, kí a má lò ó. Kí gbogbo ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú òǹtajà wà nínú àpótí lẹ́tà ilé ìtajà náà, kì í ṣe lórí WhatsApp, nítorí ohun tí adájọ́ kò rí, kò lè fi dájọ́.

Òǹtajà tí kò fẹ́ san owó padà ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ó máa fi ọ̀rọ̀ dídùn fà wá títí ọjọ́ yóò fi pé: "Ọ̀rẹ́ ọ̀wọ́n, ẹ ṣe sùúrù, a ó fi òmíràn ránṣẹ́." Èkejì ni kí ó bẹ̀ wá pé kí a pa ẹjọ́ dé ná, lẹ́yìn náà òun yóò sanwó. Ẹ má ṣe pa á dé. Owó ni kí ó kọ́kọ́ wọlé. Ẹ̀kẹta ni kí ó fún wa ní díẹ̀ nínú owó náà, kí a sì máa lo ọjà lọ. Èyí kò burú bí ọjà náà bá wúlò díẹ̀, ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé bí a bá ti gbà á, ẹjọ́ ti parí. Ẹ̀kẹrin ni kí ó ní kí a dá a padà sí Ṣáínà lórí owó ara wa, nígbà tí ó mọ̀ pé owó ìfiránṣẹ́ láti Nàìjíríà yóò ju iye ọjà lọ. Lórí èyí, kí a ka ìlànà ilé ìtajà kí a tó rajà. Àwọn kan ń gba ẹrù ìdápadà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn kì í gbà á. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ń mọ èyí tí ó yẹ kí a bá ṣòwò.

Títí dé ibi yìí, olùrà ni mo ń gbè. Ẹ jẹ́ kí n yí ojú sí àwa náà. Kì í ṣe gbogbo ọjà tí kò bá wa mu ni ọjà tí kò bá àpèjúwe mu. Bí òǹtajà bá kọ mítà márùn-ún tí a kà á sí yáàdì, ẹ̀bi wa ni. Yáàdì márùn-ún kò pé mítà márùn-ún, nǹkan bí mítà mẹ́rin ààbọ̀ ni. Bí a bá ra ìléru irun láti Amẹ́ríkà, níbi tí iná wọn jẹ́ nǹkan bí fóltì 120, tí a fi sí iná tiwa tí ó jẹ́ 230 tí ó sì jó, kì í ṣe òǹtajà ni ó dáná sun ún. Bàtà 42 ti Yúróòpù àti 8 ti Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ wa bá gùn ju bí a ti rò lọ, kí a má pè é ní jìbìtì. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ni wọn yóò gbọ́ tirẹ̀.

Ohun tí ó burú ju àṣìyàn lọ ni irọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tí ọjà pípé dé ọ̀dọ̀ wọn tí wọ́n sì kọ̀wé pé kò dé, kí wọ́n lè jẹ ọjà kí wọ́n sì jẹ owó. Wọ́n ń pè é ní ọgbọ́n. Olè ni. Ní ọdún 2022, Union54, ilé iṣẹ́ ará Zambia tí ń pèsè káàdì orí fóònù fún àwọn ilé iṣẹ́ ìsanwó mélòó kan ní ilẹ̀ Áfíríkà, dá iṣẹ́ náà dúró nítorí àwọn oníjìbìtì tí ń béèrè ìgbowópadà èké. Káàdì ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ kú lójijì. Gbogbo alángbá ni ó danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ẹ̀sùn èké bá pọ̀ láti ìlú kan, ẹ̀sùn òtítọ́ ìlú náà kì í níyì mọ́, òǹtajà mìíràn yóò sì kọ̀ láti fi ẹrù ránṣẹ́ síbẹ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, kí a sọ fún un, nítorí hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Àwọn àgbà kan nínú wa ti sọ pé ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni ó wà: kí a má ra ohun tí a kò fi ojú rí. Mo bọ̀wọ̀ fún èrò yìí, ó sì tọ̀nà fún aṣọ àti bàtà tí ó kún ọjà wa. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí ilé ìtẹ̀wé òkè òkun nìkan ń tà? Níbo ni a ó ti rí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tí kò sí ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì ní Ìkẹjà? Ẹni tí a bá ní kí ó má rajà nítorí olè, a ti dá olè láre, a sì ti dá olùrà lẹ́bi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹgbẹ́ wa gan-an ni mo fẹ́ parí sí. Òfin ọdún 2018 yẹn, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn báńkì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ìyá aláṣọ tí ọmọ rẹ̀ ń bá ra léèsì lórí fóònù kò mọ̀ pé òfin kan wà tí ó sọ pé kí wọ́n dá owó òun padà. Nígbà tí wọ́n bá rẹ́ ẹ jẹ, ó gbà pé kádàrá ni. Ṣé àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ni yóò máa wò ó níran? Àwọn olùkọ́ wa ti la ọ̀nà. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, kí a lè fi Yorùbá kọ́ni ní Yorùbá. Ní ọdún 1991, a tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Bí a bá lè rí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ aṣòfin, a lè rí ọ̀rọ̀ fún oníbàárà.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹgbẹ́ wa kọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá tí ó yè kooro, kí ó sọ ẹ̀tọ́ tí ó wà ní abala 122, iye ọjọ́ tí ọ̀nà ìsanwó kọ̀ọ̀kan fúnni, ẹ̀rí tí ó yẹ kí a tọ́jú, àti bí a ti ń kọ lẹ́tà sí báńkì. Kí àwọn olùkọ́ wa àti àwọn ti ẹ̀ka òfin bá wa yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a pín in ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò gba owó púpọ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ náà kò sì le: ìfẹjọ́sùn, ẹ̀rí, ìgbowópadà, ọjà tí kò bá àpèjúwe mu. Ta ni ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ìwọ̀nyí tí kò ní yé?

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn. Òǹtajà òkè òkun tí ó fi ẹrù òdì ránṣẹ́ ń gbójú lé ohun méjì: pé ọ̀nà jìn, àti pé a ó dákẹ́. A kò lè sọ ọ̀nà di kúkúrú. Dídákẹ́ ni ó wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí a sọ̀rọ̀, kí a sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí, kí a sì sọ ọ́ kí ọjọ́ tó kọjá.